Ìdí Tí Pósí Màmá Wa Fi Léfòó

Abereke ni wọ́n bí mi sí, etí òkun gan-an. Ẹ̀yìnkùlé wa níbẹ̀ ni a sin bàbá mi sí nígbà tí mo ṣì wà nílé-ìwé girama. Láyé ìgbà yẹn, ó tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ẹ̀yìnkùlé wa dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ṣùgbọ́n òkun ń jẹ ilẹ̀ náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jẹ ilé àwọn tó wà níwájú wa, ó jẹ ibi tí a ti ń sá àwọ̀n, ó jẹ igi àgbọn mẹ́ta tí bàbá mi gbìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òkun ti ru fún ọjọ́ méjì, màmá mi jáde láti lọ wo iná tó fi ń yan ẹja, ó sì rí i pé sàréè bàbá mi ti là. Pósí náà ti wà lójú omi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìgbì, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá lọ ló ń jìnnà sí i. Àwọn ọkùnrin dúró sétí omi, kò sí èyí tó lè ti ọkọ̀ bọ inú ìgbì ọjọ́ náà. Màmá mi dúró títí kò fi rí i mọ́.

Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún bí ọdún kan. Lọ́jọ́ tó máa sọ ọ́, ó ti kó wá sọ́dọ̀ mi ní Ugbonla, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ń jẹ púpurù lọ́wọ́ ni. Ó kàn gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí omi gbé mi bó ṣe gbé bàbá yín."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹun."

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, o ní kí n jẹun."

Mo bá ṣèlérí fún un.

Àwa méjì péré ni màmá bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà l'Ékòó, iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni kò fi wálé. Ó máa ń pè lórí fóònù, á ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ màmá wú tí kò lè dá dìde mọ́, èmi ni mò ń gbé e lọ gbé e bọ̀, èmi ni mò ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí kí n tó lọ síléèwé. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ọkọ̀. Mo máa ń ní ó ti wà lọ́nà. Ọjọ́ tó kú pàápàá, ó béèrè.

Ìgbà òjò ni. Àbúrò màmá wa, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Zion Pepe, ní òun ni yóò kan pósí ẹ̀gbọ́n òun, pé káfíńtà kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Omi ò ní kan ara ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ fún mi.

Igi tó wúwo jù nínú èyí tó ní nílẹ̀ ló lò, irú èyí tó máa ń rì bí wọ́n bá jù ú sómi. Ó fi òwú há gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó, ó wá fi ọ̀dà dúdú lé e, bó ṣe ń ṣe ọkọ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí a tẹ́ màmá sínú rẹ̀ tí ó de ìdérí mọ́ ọn, ó tún fi ọ̀dà kun ojú ìdérí náà yíká. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e gba orí afárá pákó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Ó ti rù. Mo kí i bí ẹni ń kí àlejò, mo sì yí ojú mi sápá ibòmíì.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilẹ̀ ti ga díẹ̀ ní àdúgbò wa, ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí. Kò tíì jìn tó orúnkún tí omi fi ń sun. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ń fi korobá gbọ́n ọn, omi ń sun padà. Nígbà tí alàgbà ìjọ gbàdúrà tán, tí wọ́n fi okùn sọ pósí náà kalẹ̀, omi inú kòtò ti mu ọkùnrin dé ìbàdí. Pósí náà kan omi, ó mì díẹ̀, ó sì dúró sójú omi.

Wọ́n fi ọ̀pá ọkọ̀ tì í. Ó lọ sísàlẹ̀ lápá kan, ó yọ lápá kejì. Wọ́n da ẹrẹ̀ lé e lórí, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrẹ̀ náà yọ̀ dànù. Ọkùnrin méjì dúró lé e, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe kúrò lórí rẹ̀, ó tún gbéra, orí rẹ̀ ń gbá ara kòtò, kò, kò, kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan figbe ta.

Ìyá àgbà kan, ọ̀rẹ́ màmá wa láti Abereke, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. "Kò fẹ́ lọ. Ẹnì kan wà níbí tó ń bínú sí."

Gbogbo ojú bá yí sí ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ó wó lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ funfun tó wọ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Mo mọ̀ pé mi ò wá. Ẹ lọ sinmi, màmá."

Mo mọ ìdí tí pósí náà fi léfòó. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ kan omi. Ọdọọdún ni mò ń gbé báfù omi síwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìṣó kékeré á rì, agolo mílíìkì òfìfo tó wúwo jù ú lọ á léfòó. Mo máa ń sọ fún wọn pé ohunkóhun tó bá wọ omi máa ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ráyè. Bí omi tó tì bá wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ, omi á gbé e dúró. Bí òun ló bá wúwo jù, á rì. Pósí wa wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, omi ò sì rójú ihò kankan tó lè gbà wọlé. Ọkọ̀ ni àbúrò màmá mi kàn fún un láìmọ̀.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Mi ò sọ ọ́. Mo dúró, mo ń wo ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹrẹ̀, mo rántí gbogbo aṣọ tí mo fọ̀, mo sì wí nínú ara mi pé kó sunkún díẹ̀ sí i.

Ìyá àgbà náà ní, "Jẹ́wọ́ fún un. Kí ló dá ẹ dúró?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbórí sókè. Ó ní ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní iná irin jíjó ti ba ojú òun jẹ́, òun ò ríran dáadáa mọ́, ojú ń ti òun láti wá bá ìyá òun lọ́wọ́ òfo, kó tún wá máa fọwọ́ mú òun rìn.

Mi ò gbọ́ èyí rí. Mo lọ bá àbúrò màmá mi, mo sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ti dí i jù. Àfi kí omi wọ ibẹ̀."

Ó ní, "Kí n lu ihò sí ẹ̀gbọ́n mi lára?"

"Pákó náà ni, Bàbá."

Ó lọ mú irin tó fi ń lu ihò sí pákó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wọ inú kòtò fúnra rẹ̀. Ó lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ pósí náà nísàlẹ̀, ó lu méjì sórí ìdérí kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà jáde. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó gúlúgúlú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di pósí náà mú bó ṣe ń lọ, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó rì. A kó ẹrẹ̀ lé e kíákíá.

Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé báfù sílẹ̀, mo gbé agolo sínú omi, mo lu ihò sí i lójú rẹ̀. Ó mi orí bí ọmọ kíláàsì mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sí Èkó, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀ sọ fún mi pé ó ṣì ń pariwo "Màmá, ẹ foríjì mí" lójú oorun, pé kò gbà pé omi lásán ni.

Lọ́dún tó kọjá, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo pè é, mo sọ fún un pé mo ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, pé mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Ó bi mí pé,

"Ó tó ìṣẹ́jú mélòó tí o fi dákẹ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Sáà fojú bù ú fún mi."

Mo ní bóyá mẹ́wàá. Ó ní ó dáa, ó sì pa fóònù. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e, á ní ó jáde.