Wọ́n Ní Batma Fara Dà Á

Batma Ermekova ti kú. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló kú, lẹ́yìn tí ohùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe gbé òkú rẹ̀ jáde nínú àgọ́ tí wọ́n pa sí àgbàlá ilé ọkọ rẹ̀, Dókítà Oskonov, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ìlú wa, bọ́ síwájú, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní: "Obìnrin yìí fi sùúrù fara da ìrora rẹ̀. Kò ráhùn rí."

Kò ráhùn? Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá tèmi àti tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí sùúrù náà ṣe rí. Ó ń ké bí ẹran tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ tó kú dú. Ó fi eyín fa etí ìrọ̀rí ya. Ó bẹ Toktosun, ọkọ rẹ̀, pé kó fi ìrọ̀rí ọ̀hún bo òun nímú pa. Ṣé ohun tí ẹ̀ ń pè ní sùúrù nìyẹn, Dókítà?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ wa mọ̀ ọ́n, bí kò tiẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ọkọ̀ tó ń lọ sílùú Osh ti fẹ́ gbéra o! Bàbá onífìlà funfun! Mo mọ̀ pé gbogbo yín lẹ dé e, èyí tí àgùntàn rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì oníbúrẹ́dì ni mò ń bá wí!" Ibùdókọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, àgbàlagbà kan á sì sáré. Batma-eje ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí ẹ̀gbọ́n gbogbo wa ni.

Jẹjẹrẹ mú un lọ́mú, ó sì ti ibẹ̀ wọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ayperi, dókítà ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú àdúgbò wa, sọ pé mọfíìnì, oògùn líle tí òfin ń ṣọ́, nìkan ló lè kápá ìrora náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. A jọ lọ bá ọ̀gá ni. Èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí Batma jókòó sí wọlé.

Ayperi ní: "Ẹnu la ó ti máa fún wọn, sà. Díẹ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀. Màá máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, màá fi oògùn tí kò ní jẹ́ kí ìgbẹ́ há kún un. Bí kò bá kápá ìrora náà, a ó bù díẹ̀ lé e. Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ló máa wà, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù, èmi fúnra mi ni màá dá a padà."

"Bí ọlọ́pàá bá dé ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa bá mi ṣẹ̀wọ̀n?" ni Oskonov fi dá a lóhùn. "Àti pé ó máa di bárakú sí i lára."

Batma gbórí sókè nínú kẹ̀kẹ́. "Dókítà, kí ni mo fẹ́ fi bárakú ṣe nínú sàréè? Àbí ẹ rò pé màá máa tà á fún ìdin?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo búra, ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín! Ó wá kọ parasitamó fún un.

Mo mọ̀ pé mọfíìnì lè ba ayé èèyàn jẹ́. Mo ti rí ọmọ aládùúgbò tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbé ṣubú sí ẹ̀yìn ọjà. Ṣùgbọ́n iná pẹ̀lú a máa jó ilé; ṣé torí ìyẹn la ṣe ń jẹ ìyẹ̀fun láìsè? Ohun tí Ayperi ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí wọ́n jẹ́ kó dáná, kó sì jókòó tì í.

Toktosun kì í pariwo mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé ìyàwó rẹ̀ tòun ti ibùsùn sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó lọ gbé e kalẹ̀ sẹ́nu géètì Oskonov. Àlejò ń jẹun lọ́wọ́ nínú ilé. Batma ń ké. Ìyàwó dókítà gbé abọ́ oyin jáde, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó wọlé padà. Oskonov fúnra rẹ̀ jáde: "Ìjà kí lo bá wá síbí?"

"Mi ò bá tìjà wá, sà. Mo ní kẹ́ ẹ bá wa gbọ́ ọ díẹ̀ ni."

Ọlọ́pàá ló ránṣẹ́ pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá kan dé tomijé tomijé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé wọn lọ. Wọ́n ní ẹ̀ ń da àdúgbò láàmú."

Toktosun gbé e lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ohùn ò jáde lẹ́nu Batma mọ́. Ẹnu á là gbàgà, kò ní sí ariwo. Bóyá ìyẹn ni ọ̀gá wa rí tó ń pè ní sùúrù.

Ṣé oògùn ni kò sí? Ó wà! Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ní gbogbo àsìkò tí Batma ń ya ìrọ̀rí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú, wọ́n dáná sun oògùn náà, torí pé ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lò ó ti kọjá. Oskonov dúró tì í títí ó fi jóná tán. Ayperi ló sọ fún mi, ó sì ní kí n kọ orúkọ òun sínú ohun tí mò ń kọ yìí.

A kì í fini jóyè àwòdì ká má lè gbádìyẹ. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí oògùn ìrora, kó gbé àga fún ẹni tó lè fọwọ́ sí i. Kí àwọn aláṣẹ ìlera wá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba: ta ló ń dáàbò bò, aláìsàn ni àbí ara rẹ̀? Kí òun náà padà sí àgbàlá Toktosun, kó kó ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn jẹ lójú àwọn tó sọ ọ́ fún.

Àmọ́ ìyẹn lè dúró di ọ̀la. Ìyá Sonun tó ń ta wàrà ní òpópónà wa ti dùbúlẹ̀ àìsàn kan náà. Àná ni igbe tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí Ayperi kọ fún un wà lórí tábìlì yín, Dókítà. Ẹ fọwọ́ sí i lónìí.