Ṣẹ́ẹ̀fù Funfun fún Mọ́tò Mọ́kàndínlógún

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sí òkè òkun. Ó ṣèlérí fún mi pé tí òun bá padà dé, òun á fi mọ́tò gbé mi yí gbogbo Ìkọ̀lé ká. Ní Kérésìmesì tó tẹ̀lé e, ó fi mọ́tò kékeré kan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé sí mi. Irin ni wọ́n fi ṣe é, ó pupa, kò gùn ju ìka àárín àgbàlagbà lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì sì ṣeé ṣí. Ó kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kí n máa fi èyí ṣeré ná. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí kò fi ọ̀kan ránṣẹ́, àwọn ọdún kan sì wà tó jẹ́ méjì. Nígbà tí mo fi jáde yunifásítì, tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí mo sì padà sílé wá wáṣẹ́, wọ́n ti di mọ́kàndínlógún.

Mi ò lè sọ pé mo fi wọ́n ṣeré. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, kì í jẹ́ kí n gbé wọn jáde síta, torí pé iyanrìn máa ń wọ táyà wọn. Mo máa ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, n ó yí i lórí tábìlì lọ yí i bọ̀, n ó sì dá a padà sínú páálí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni páálí ńlá tí gbogbo wọn wà nínú rẹ̀ ń gbé.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìkọ̀lé ni, èmi nìkan ni mo sì wà nílé. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí Èkó, màmá mi sì ti lọ bá a tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún kan. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láàárọ̀ ní ilé-ìwé aládàáni kan. Tí mo bá ti dé lọ́sàn-án, mo lè má tún la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Yàrá mẹ́fà ló wà nílé wa. Gbogbo wọn ni mo máa ń gbá, títí kan àwọn tí ẹnì kankan kò sùn sí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń lọ jókòó sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì. Nọ́ńbà rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó máa ń pè nígbà mìíràn, nígbà mìíràn kì í pè. Tí kò bá pè, ìyá náà á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mi ò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nínú oṣù Kọkànlá, ó pè. Ó ní òun ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó máa kẹ́yìn ọdún. Òun á kọ́kọ́ rí màmá ní Èkó, lẹ́yìn náà òun á wá wo ojú oórì bàbá wa. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó ni òun máa sùn, nítorí omi àti iná. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi mí bóyá àwọn mọ́tò yẹn ṣì wà. Mo ní gbogbo wọn wà.

Ó ní, "Tò wọ́n kalẹ̀ dè mí, àbúrò. Mo fẹ́ rí wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí ẹ̀gbọ́n mi sùn sílé, ó kéré tán lóru ọjọ́ kan. Mo rò ó pé tí ènìyàn bá wọ ilé kan, tó sì rí i pé wọ́n tọ́jú nǹkan rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n tò ó síbi tó dára, kò ní rọrùn fún un láti ṣe bí àlejò níbẹ̀. Kódà nígbà yẹn mo mọ̀ pé èrò náà kò lágbára púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní èyí tó dára jù ú lọ.

Mo mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ̀bá ọ̀nà ọkọ̀ ńlá ni ilé wa wà. Tí lọ́rì agégẹdú bá kọjá, fèrèsé á gbọ̀n, ife á máa ró lórí tábìlì. Nítorí náà, mo fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí etí iwájú àjà kọ̀ọ̀kan, kí mọ́tò kankan má baà yí bọ́ sílẹ̀. Mo gbé rúlà lé ẹ̀yìn ṣíbí, mo fi mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi agolo mílíìkì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Àjà mẹ́ta ni mo yà. Méje á wà lókè, mẹ́fà láàárín, mẹ́fà nísàlẹ̀.

Káfíńtà tí mo gbé e lọ bá jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó mọ bàbá mi dáadáa. Ó wo ìwé mi fún ìgbà pípẹ́, ó ní àwo mélòó ni mo fẹ́ tò sí i. Mo ní kì í ṣe àwo, mọ́tò ìṣeré ni. Ó gbé rándà tó fi ń fá pákó sílẹ̀.

"Ọmọ tíṣà," ni ó wí, "àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kó àwo lọ ulé ọkọ, mọ́tò ni ìwọ ń kó jọ."

Mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀lé mi wálé láti wá wo ògiri.

Ìṣó àkọ́kọ́ tó kàn mọ́ ọn wọlé, ó sì fi ìka méjì fà á yọ. Mo ní sìmẹ́ńtì ilé wa nípọn, bóyá ibòmíràn lára ògiri á gbà á. Ó ní ulé alámọ̀ ni, pé ojú nìkan ni sìmẹ́ńtì wà, ògiri náà kò sì lọ sí yunifásítì, kò ní gbọ́ àlàyé mi. Kí ṣẹ́ẹ̀fù náà ní ẹsẹ̀, kó dúró nílẹ̀. Mo ní tó bá dúró nílẹ̀, ikán á gùn ún. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Nítorí náà, lẹ́yìn tó kàn án tán, ó ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí igi òrùlé lọ́dọ̀ wa: ó gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, èyí tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì fi àkísà pa gbogbo igi náà láti òkè délẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ikán kì í súnmọ́ ọn. Ìyẹn ni mo gbà láìjiyàn, torí pé òrùlé ilé wa jẹ́rìí sí i.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ugi tó ti mu ọ́ìlì, má kun ọ̀dà sí i o."

Mo bi í pé kí ló fà á.

"Kò sí ohun tó fà á. A kì í kùn ún ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú mi, mo sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìdí. Ìwà mi ni, ó sì ti wà lára mi tipẹ́: tí ẹnì kan bá sọ ohun kan fún mi tí kò sọ ìdí, mo máa ń fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ìdí á fi dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ṣẹ́ẹ̀fù dúdú náà fi wà ní pálọ̀. Ó dà bí igi tí wọ́n yọ nínú ilé tó jóná. Tí mo bá ti ilé-ìwé dé tí mo ṣí ilẹ̀kùn, òun ni ojú mi ń kọ́kọ́ bá. Mo rò ó bí ẹni tó ti òkè òkun bọ̀ ṣe máa wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ra ọ̀dà funfun tó ń dán, mo kùn ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún kùn ún, mo sì fi ọ̀dà tó kù nínú agolo kun igun òkè lápá òsì nípọn, níbi tí mọ́tò pupa àkọ́kọ́ máa wà.

Ọyẹ́ ti dé nígbà yẹn. Eruku bà lé ohun gbogbo nínú ilé, ó bà lé ọ̀dà náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, mo fi ìka kàn án. Ìka mi kò lẹ̀ mọ́ ọn. Mo kàn án níbi mẹ́wàá, mo gbà pé ó ti gbẹ. Mo nu eruku kúrò, mo to àwọn mọ́tò náà bí wọ́n ṣe dé sọ́wọ́ mi, láti ọdún àkọ́kọ́ títí di ti èṣí. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí lọ́rì bá ti kọjá lójú títì, mo máa ń sáré wá sí pálọ̀ láti wò wọ́n. Fèrèsé á gbọ̀n. Kò sí mọ́tò kan tó mira. Mo rò pé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi sí etí àjà ló ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n mi dé, nínú ọkọ̀ tó háyà, pẹ̀lú dírẹ́bà. Ó ti sanra. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fà mí dìde. Báàgì rẹ̀ wà nínú búùtù, mo rí i. Ó lọ dúró nídìí oórì bàbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó jẹ iyán tí mo gún, ó ní ó dùn, ó sì jẹ ẹ́ kù. Ó bi mí nípa iṣẹ́, mo ní mi ò tíì rí èyí tó ju kíkọ́ ọmọ lọ. Mo bi í nípa iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní a dúpẹ́. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wò ó.

Nígbà náà ló dìde lọ síbi ṣẹ́ẹ̀fù. Ó na ọwọ́ sí mọ́tò pupa láti gbé e, mọ́tò náà kò kúrò lójú kan. Ó fà á, gbogbo ṣẹ́ẹ̀fù tẹ̀lé e síwájú.

Ó bojú wẹ̀yìn. "O lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn ni?"

"Rárá o, Bọ̀dá. Mi ò lẹ̀ wọ́n."

Mo fa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà lẹ̀. Mo fa òmíràn. Ojú ọ̀dà nìkan ló gbẹ. Abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀bà, táyà gbogbo wọn sì ti rì sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi imú sún mọ́ igi náà.

"Ọ́ìlì dúdú," ni ó wí. "O kun ọ̀dà lé ọ́ìlì dúdú. Káfíńtà ò sọ fún ọ ni?"

"Wọ́n sọ. Wọn ò sọ ìdí ni."

Ó wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní bí mo ṣe rí láti kékeré nìyẹn, pé ìgbà kan wà tí mi ò gbà wẹ̀ àfi tí bàbá bá kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ọṣẹ ń ṣe. Mi ò rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó ní kí n wá ọ̀bẹ tábìlì, àkísà àti kẹrosíìnì wá.

A bẹ̀rẹ̀ láti àjà ìsàlẹ̀. Ó ń fi ọ̀bẹ tú wọn, èmi ń fi kẹrosíìnì nu táyà wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń kúrò ló ń sọ ibi tó ti rà á. Ó ra aláwọ̀ ewé ní ibùdókọ̀ ojú irin, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fi í sílẹ̀. Ó ra ọkọ̀ panápaná lọ́dún tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ń sọ fún wa nínú lẹ́tà pé dáadáa ni. Nígbà tó dé orí ọkọ̀ akérò funfun kan, ó ní inú ọsibítù ni òun ti rà á, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo ní iṣẹ́ abẹ wo. Ó ní èyí tí òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó ní òun kò ní ẹni tó lè wá wo òun, òun sì rò pé tí òun bá ra mọ́tò, ẹnì kan á máa retí rẹ̀.

Mo nu táyà ọkọ̀ akérò náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí dírẹ́bà yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ̀nà Adó kò dára láti rìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Mọ́tò méje ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n, ó wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀.

"Gbé báàgì yẹn wọlé," ló sọ fún un.

Yàrá bàbá ló sùn sí. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti gbá a.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà bóyá àwọn mọ́tò ló dá a dúró. Ó lè jẹ́ nítorí ọ̀nà, torí àwọn adigunjalè wà lọ́nà yẹn lóòótọ́. Mi ò ní ẹ̀rí tí mo lè fi gbe ọ̀kan lẹ́sẹ̀ ju èkejì lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní wọ́n ṣeé gbé ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni à bá fi wò wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ku mọ́tò pupa nìkan, níbi tí ọ̀dà ti nípọn jù. Ó gbìyànjú, ọ̀dà ara mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ó dá ọ̀bẹ dúró.

"Fi í sílẹ̀," ni ó wí. "N ó yọ ọ́ bí mo bá tún dé."

Kò tíì tún dé. Mo ti ní fóònù tèmi báyìí, ó sì máa ń pè mí, nígbà mìíràn. Màmá ṣì wà ní Èkó, ọmọ ti di méjì. Mo gé ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́ tẹ́ sábẹ́ àwọn mọ́tò méjìdínlógún yòókù, torí pé tí ooru bá mú, ọ́ìlì ṣì máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ojú àpá táyà wọn, mẹ́rin-mẹ́rin, bí ojú èèrà.

Lọ́dún tó kọjá, káfíńtà náà wá tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe, ó sì rí ṣẹ́ẹ̀fù. Kò bú mi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi rándà fá gbogbo ọ̀dà náà kúrò, uṣẹ́ ọ̀sán kan ni, mọ́tò pupa náà á sì kúrò pẹ̀lú. Mo ní rárá. Ó ní kí ló fà á.

"Kò sí ohun tó fà á, bàbá," ni mo wí. "A kì í fá a ni."

Ó wò mí díẹ̀, ó gbé rándà rẹ̀ padà sínú àpótí, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn. Mọ́tò pupa náà ṣì wà ní igun òkè lápá òsì. Ó ṣeé ṣe kí abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ báyìí. Mi ò tíì fà á wò.