Ọ̀gá Ṣẹ́ẹ̀sì Tó Kọ́ Mi ní Ìbà

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkókómaikò nígbà tí ṣẹ́ẹ̀sì wọ ayé mi. Ẹnì kan tó ti ibẹ̀ kàwé jáde ló fi pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ogún ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Àlhájà, ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n sì nawọ́ sí páálí tó wà nílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ó máa kọ́ wọn."

"Àlhájà, mi ò mọ̀ ọ́n ta o. Lúdò ni mo mọ̀."

"Ṣé kì í ṣe ìṣirò náà ni? Ẹ lọ kọ́ ọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Àlhájà kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ mi ló sọ fún mi pé bàbá kan wà nínú Ẹ̀sítéètì Ìbà tó fi ṣẹ́ẹ̀sì jẹun lókè òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì gba oyè gírándímásítà, oyè tó ga jù lọ nínú eré náà. Torí ìyá wọn tó ti darúgbó ni wọ́n ṣe padà wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbẹ̀. Mò ń retí ẹni tó wọ kóòtù, tó fajú ro. Bàbá tí mo bá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń já ewúro fún ìyá wọn.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ro ẹjọ́ ara mi. Wọn ò béèrè bóyá mo mọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ti abọ́ ewúro síwájú mi.

"Ẹ bá mi já a. A ó máa sọ̀rọ̀ lọ."

A ò fojú kan pátákó lọ́jọ́ náà. Kíláàsì mi ni wọ́n ń bi mí léèrè: ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀, ta ló máa ń nawọ́, àwọn wo ni mi kì í pè. Mo ní àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ni, torí wọn kì í dá sí nǹkan kan.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Bí ṣẹ́ẹ̀sì ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ wá iṣẹ́ fún un. Ìjà lè dúró."

Nígbà tí mo ti ń lọ ní Sátidé-Sátidé, mo wá rí i pé ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn ń gbà ta á nìyẹn. Àwọn míì, ọba ẹni tí wọ́n ń bá ta ni wọ́n máa ń sáré lé látìbẹ̀rẹ̀. Kóòṣì, bí mo ṣe ń pe bàbá náà, ní tiwọn kì í sáré. Wọ́n á fa ẹṣin kan sẹ́yìn síbi tó ti máa wúlò, wọ́n á sún ọmọ-ogun kékeré kan síwájú, wọ́n á wá káwọ́ gbera. Kí n tó mọ̀, gbogbo àwọn tèmi á ti há mọ́ra wọn bí ẹrù tí wọ́n kó kún ṣọ́ọ̀bù ní Alábà, tí ẹni tó ni ín ò ríbi gbẹ́sẹ̀ sí. Wọn ò lù mí, wọn ò halẹ̀ mọ́ mi. Mo kàn máa wò títí, mi ò ní rí èyí tí mo lè sún.

Ìjà ni èmi fẹ́ràn. Ọjọ́ tí mo ti mọ bí ayaba ṣe ń rìn ni mo ti ń rán an jáde lóun nìkan, kì í sì í padà.

"Ayaba yín mà fẹ́ràn ìrìn-àjò o," ni kóòṣì máa ń wí, wọ́n á sì gbé e kúrò lórí pátákó.

Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe gba oyè wọn. Ìyá wọn, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ tí ohùn wọn ṣì le koko, ti orí àga wọn dá sí i.

"Sọ ọ́ fún un. Má fo ibi tó dùn o."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nínú ayò tó kẹ́yìn ìdíje kan, ọ̀mì lásán làwọn nílò kí oyè tó bọ́ sọ́wọ́. Eré ò tíì lọ jìnnà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ ń ta á fi na ọwọ́ sí wọn pé kí àwọn ta ọ̀mì. Wọ́n wo pátákó, wọ́n rí i pé ẹṣin kan nínú tàwọn ṣì dúró létí láìníṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní rárá. Inú bí ọmọkùnrin náà, ó kó ìjà bò wọ́n. Òógùn bò wọ́n, ebi ń pa wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ló kù díẹ̀ kí wọ́n pàdánù. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọba méjì péré ló kù lórí pátákó. Ọ̀mì náà ni!

"Ọ̀mì tí wọ́n fún un láàárọ̀," ni ìyá wọn wí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀, "ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó lọ gbà á!"

"Ṣùgbọ́n ẹṣin mi ríṣẹ́ ṣe," ni kóòṣì fèsì.

Nígbà tó di sáà kejì, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ rí bàbá tí mò ń ròyìn. Kóòṣì gbà pé àwọn á wá bá ogún ènìyàn ta á lẹ́ẹ̀kan náà. A to tábìlì yí gbọ̀ngàn ká: akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà, ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa, títí kan ẹni tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì ọ̀nà. Àlhájà ṣàdúrà, wọ́n kí àlejò, wọ́n sì fa àga, wọ́n jókòó síwájú pátákó tó kẹ́yìn. A pàtẹ́wọ́. A rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Mo tiẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ sí wọn létí.

"Àlhájà, ẹṣin máa ń fò o."

"Mo gbọ́. Ẹ padà síbi yín."

Èmi ti múra ìjà sílẹ̀. Kóòṣì á gbé nǹkan kan níwájú mi, wọ́n á bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, wọ́n á tún yípo padà. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró pẹ́ níwájú mi; mo rò pé mo ti mú wọn. Wọ́n rọra fa bíṣọ́ọ̀bù kan sẹ́yìn.

"Tíṣà, ta ni ò níṣẹ́ lọ́wọ́?"

Mo wo igun pátákó tèmi. Ilé-ìṣọ́ mi méjèèjì ò tíì kúrò lójú kan láti àárọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi na ọwọ́ sí wọn pé mo gbà pé wọ́n ti borí mi.

Pátákó ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ti Àlhájà nìkan. Gbogbo wa rọ̀gbà yí wọn ká. Àlhájà ò kánjú. Wọ́n fa ẹṣin sẹ́yìn, wọ́n sún ọmọ-ogun kékeré kan, wọ́n sì káwọ́ gbera. Ẹnu yà mí. Ọwọ́ kóòṣì gan-an nìyẹn! Kóòṣì fa àga, wọ́n jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, wọ́n na ọwọ́.

"Àlhájà, ẹ jẹ́ ká ta ọ̀mì."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni Àlhájà tó gba ọwọ́ wọn, àwọn ọmọ sì pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì yà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àlhájà, ta ló kọ́ yín?" ni mo bi wọ́n.

"Sátidé kọ́ lẹ̀yin ń lọ? Èmi, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni tèmi. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ ń wá ròyìn ìyá àti ọmọ yẹn fún mi ní ọ́fíìsì. Ẹ rò pé mi ò ní fẹ́ lọ fojú ara mi rí wọn?"

Mo yíjú sí kóòṣì. "Ẹ̀yin náà, ẹ ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Mi ò ní purọ́, owú jẹ mí díẹ̀. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ni bàbá náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ń sọ ọ́ fún ọkọ mi, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè parí rẹ̀.

Àlhájà ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ò lè kọjá kí wọ́n má wá sí ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ń kọ́, àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni tèmi. Àwọn tèmi ń jà. Àwọn tiwọn á kàn rọra há ọ mọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fi ẹgbẹ́ méjèèjì kojú ara wọn, a sì ṣàdéhùn pé olùkọ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ṣẹ́gun ló máa ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Èmi ni mo rà á. Àwọn kékeré náà jẹ ẹ́ tán níwájú mi, wọ́n nu ọwọ́ sára yunifọ́ọ̀mù, wọ́n sì bi mí bóyá a ó tún ta á lọ́la.