Ó-Dáa Lọ sọ́dọ̀ Afọ̀rọ̀múnisùn

Iṣẹ́ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni kí ó máa fi fóòmù àti aṣọ wọ àga. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, a máa kó ìṣó kéékèèké sí ẹnu, àwọn kan sì gbà pé ìṣó wọ̀nyẹn ni kì í jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Bí ó bá tú gbogbo ìṣó náà síta, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó máa ń kù sí i lẹ́nu: “Ó dáa.” Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ó-Dáa. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá a máa pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i.

Bí oníbàárà bá ní kí ó fi aṣọ pupa wọ àga tí igi rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó dáa. Bí wọ́n bá ní ọ̀la ni àwọn fẹ́ gbé e, ó dáa. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní kí ó ṣe àga gbọọrọ tí ènìyàn márùn-ún yóò lè jókòó sí pọ̀. Ó-Dáa ti wọn ẹnu ọ̀nà ilé olùkọ́ náà, ó sì mọ̀ dájú pé àga náà kò lè gba ibẹ̀ wọlé láéláé, ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀, ó sì fún un ní èsì tí ó máa ń fún gbogbo ayé. Ìta gbangba ni àga náà wà títí di òní. Adìyẹ ni ó ń yé ẹyin sórí rẹ̀.

Abẹ́ páànù kan lẹ́yìn ilé alájà méjì ni ìsọ̀ wọn wà. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: káfíńtà tí ń kan àga, Ó-Dáa tí ń wọ̀ ọ́ láṣọ, àti ọkùnrin kan tí ń fi fáníìṣì kun igi rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin ìyá onílé wọlé tọ Ó-Dáa wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní òun ti ra ọkọ̀ méjì, òun kò sì rí ibi gbé wọn sí. Ó bi í bóyá wọn kò ní bínú bí wọ́n bá lè kó jáde kí oṣù tó parí. Ó-Dáa tú ìṣó ẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó sọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni?” ni káfíńtà bèèrè nígbà tí ó gbọ́. “Ẹ ti fi ìsọ̀ wa tọrẹ?”

Ó-Dáa ń wo ilẹ̀. “Ẹ̀rín ló fi bèèrè ni.”

“Ṣé ẹ̀rín yẹn ni màá máa jẹ lóṣù tó ń bọ̀?”

“Ẹ kúkú fi èmi náà kún un,” ni onífáníìṣì wí. “Ẹ ní kó wá gbé mi.”

Wọ́n fi ẹnu kò pé Ó-Dáa ni àgbà wọn, ẹnu rẹ̀ ni ó sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí náà òun ni yóò lọ sọ fún ìyá onílé ní àárọ̀ Sátidé pé àwọn kò lọ mọ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, ìsọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

“Ó dáa,” ni Ó-Dáa wí. Káfíńtà gbá orí mú.

Ìyàwó Ó-Dáa ń ta oògùn ní ilé ìtajà kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan lókè ibẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní hipinọ́tíìsì ni ó sì kọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi ń mú ènìyàn dé ibì kan láàárín oorun àti ojú lílà, kí ó tó wá gbin ọ̀rọ̀ tuntun sí onítọ̀hún lọ́kàn. Ó ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé òun ń mú ojú títì kúrò, àti ìbẹ̀rù àwùjọ, àti èékánná jíjẹ.

“Ẹ̀ ń lọ síbẹ̀,” ni ìyàwó wí. “Tẹ́ ẹ bá pàdánù ìsọ̀ yẹn, mi ò ní gbà kẹ́ ẹ wá máa kan ìṣó ní pálọ̀ mi.”

Ó-Dáa ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga afọ̀rọ̀múnisùn náà. Èyí hàn lára àga, nítorí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó hàn lára ọ̀dọ́mọkùnrin náà pẹ̀lú, nítorí inú ìwé ni ó ti ń wo ohun tí yóò sọ.

“Ẹ fẹ̀yìn tì, bàbá. Ẹ jẹ́ kí ara yín rọ̀.”

“Ó dáa.”

“Ẹ má dáhùn, sà. Ẹ kàn máa gbọ́.”

“Ó dáa.”

“Ìpéǹpéjú yín ti ń wúwo.”

“Ó… ẹ má bínú.”

Àga náà gan-an ni kò jẹ́ kí oorun wá. Sípíríǹgì kan ń gún Ó-Dáa ní ìbàdí, fóòmù rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́ sínú páálí. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń fi ohùn mú un sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan tí kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ó-Dáa ń tú àga náà palẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, tí ó sì ń tún un ṣe.

“Ṣé ẹ ti ń sùn, sà?” Ohùn tí ó fi bèèrè dà bí ti ẹni tí ń retí èsì ìdánwò.

Àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe Ó-Dáa. Ó la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, ó sì hanrun, kí iṣẹ́ náà lè pé.

Afọ̀rọ̀múnisùn sọ fún un pé láti òní lọ, ohun tí ó bá wà níkùn rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ yóò máa sọ, láìsí ìbẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ni ó yọ́ jáde. Ilẹ̀kùn yàrá náà kò nípọn.

“Mọ́mì, ó sùn,” ni ó ń sọ lórí fóònù. “Ọlọ́run ń gbọ́, ó ń hanrun. Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé iṣẹ́ gidi ni.”

Bí Ó-Dáa ti ń hanrun lọ, ó rí i pé òun ti wọ gàù. Bí òun bá fi ẹnu àná padà sílé, orúkọ ọmọ yìí ti bàjẹ́, àní lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ pàápàá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì dúró tì í. “Báwo ni?”

Ó-Dáa fi ṣíbí lélẹ̀. “Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ó ti ń pọ̀ tipẹ́.”

Obìnrin náà tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ké sí aládùúgbò rẹ̀ pé, “Ẹ wá gbọ́ o, ó ti ṣiṣẹ́. Ó ti ń rí àléébù mi.”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ènìyàn ti ń tò lórí àtẹ̀gùn afọ̀rọ̀múnisùn.

Nígbà tí Sátidé dé, gbogbo wọn pé sí pálọ̀ ìyá onílé. Ìyàwó Ó-Dáa mú afọ̀rọ̀múnisùn dání kí ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Kí lẹ ṣe pọ̀ tó báyìí?” ni ìyá onílé bèèrè. “Ṣé kò sí o?”

Káfíńtà fi ìgúnpá ta Ó-Dáa. Ó dìde. Ó fẹ́ jókòó padà, àfi bí ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, tí ètè rẹ̀ ń mì.

“Màmá, a ò lọ mọ́.”

“Ẹ ò lọ síbo?”

“A ò kúrò ní ìsọ̀, mà.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ kúrò?”

Ọmọ rẹ̀ wúkọ́. “Mo bi wọ́n, màmá. Bàbá ló ní ó dáa.”

“Mo sọ ọ́ lóòótọ́,” ni Ó-Dáa wí. “Kò dáa. Abẹ́ páànù yẹn ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ sì ni àwọn méjì yìí ti ń bọ́ ọmọ wọn. Ojú ló tì mí lọ́jọ́ náà.”

“Ojú ò wá tì ẹ́ mọ́?”

“Ó ń tì mí báyìí, mà. Ẹ jẹ́ kí n yára parí ẹ̀.”

Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí tí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ sílẹ̀. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ, ṣé mo ti kú ni, tó o fi ń pín ilé mi?”

“Ẹ má bínú, màmá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi ńkọ́?”

“Ó-Dáa, níbo ló lè gbé e sí?”

“Ẹ̀gbẹ́ òsì géètì, mà, níbi tí fóòmù wa wà. A ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lónìí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo.”

“Méjì ni mo rà o, bàbá.”

“Mo gbọ́. Ọ̀kan ni àyè gbà.”

Ìyá onílé ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Nígbà tí káfíńtà àti onífáníìṣì ti kó fóòmù tán, afọ̀rọ̀múnisùn di ọwọ́ Ó-Dáa mú lẹ́nu géètì. “Bàbá, ẹ̀yin ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo èèyàn.”

Ó-Dáa rí i pé ọ̀rọ̀ tí ń bẹ níkùn òun kò fẹ́ dúró síbẹ̀ mọ́. “Ọmọ mi, mi ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ṣe bí ẹni tó sùn ni, kí ojú má bàa tì ẹ́.”

“Bí àwọn tó sùn wọra ṣe máa ń sọ nìyẹn, sà. Wọn kì í mọ̀.”

“Mo gbọ́ tó o ní kí ìyá ẹ sọ fún bàbá ẹ pé iṣẹ́ gidi ni.”

“Àlá yẹn mà jinlẹ̀ o, sà.”

“Àga ẹ ò lè mú ọmọ ọwọ́ sùn.”

“Ta ló wá sọ̀rọ̀ níwájú màmá lónìí?”

Ó-Dáa ní èsì sí ìyẹn, ó sì tún ní òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń kọjá fi dúró láti gbọ́. Ọmọ ìyá onílé ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹ̀yìn wọn, ó sì fun fèrè. Ó-Dáa kò bojú wẹ̀yìn. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ọkọ̀ náà pé kí ó ṣe sùúrù, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ sípíríǹgì lọ.