Ìyá Fẹ́ Pariwo Kọjá Òkè

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú-Mítà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ rédíò. Nínú yàrá kótópó rẹ̀, ẹ̀rọ ń gbóná níwájú, fáànù ń pariwo lẹ́yìn, òun á tẹjú mọ́ ọwọ́ mítà tó ń wọn ohùn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ. Ẹni bá ṣèèṣì bi í nípa rẹ̀ ti wọ gàù.

Lọ́jọ́ kan, ó mú ìyá rẹ̀ wá síbi ètò ìkíni. Ẹ̀gbọ́n ìyá yìí ń gbé lẹ́yìn òkè, níbi tí fóònù kì í wọlé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti gbọ́ ohùn ara wọn kẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ti darúgbó. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n pé kó tan rédíò rẹ̀. Bí ti òní bá bàjẹ́, ta ló mọ ìgbà mìíràn?

Wọ́n ní kí ìyá kọ́kọ́ dán ohùn wò. Ká sòótọ́, ohùn ìyá yìí kì í ṣe kékeré: tó bá pe ọmọ kan, gbogbo àdúgbò ló máa ń jẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi òòò!”

Ọwọ́ mítà fò sójú ibi pupa, níbi tí ohùn ti pọ̀ jù. Ohùn fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ létí Ojú-Mítà.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.”

“Kí n rọra kẹ̀? Ṣé o mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó ni?”

Olóòtú ètò ní kí òun kúkú bá ìyá jíṣẹ́ náà. Ojú-Mítà ò gbà. Ṣé ohùn olóòtú ni ẹ̀gbọ́n ń retí ni? Ó kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀.

“Màámi, ìgbì kan ń jáde lára òpó irin tó wà níta yẹn, kì í sinmi. Òun ló ń rìnrìn àjò. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ohùn yín á máa mú un ga, á máa mú un rẹlẹ̀. Rédíò tó wà lọ́hùn-ún á wá sọ gíga àti rírẹlẹ̀ yẹn padà di ọ̀rọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá pariwo jù, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi tí á fi já. Ibi tó bá já, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ níbẹ̀.”

“Ọ̀nà jíjìn yẹn ò wá kàn mí?”

“Kò kàn yín rárá. Tiwa nìyẹn. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ jọ jókòó sórí ẹní kan.”

Iná pupa ara ògiri tàn, ètò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mí kanlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o. Ara mi le. Orúnkún yín yẹn ńkọ́?”

Ọwọ́ mítà ń lọ sókè, ń bọ̀ nílẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú Ojú-Mítà dùn débi pé kò mọ ìgbà tó pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ni, ó ti sáré gun orí òkè kó lè pè.

“Àǹtí, màmá wa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń sunkún! Wọ́n ní ohùn ìyá tó bí àwọn àti màmá yín gan-an làwọn gbọ́ yẹn.”

Ojú-Mítà sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀.

“Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé ohùn ìyá mi,” ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.