Redíò Inú Mọ́tò Ọkọ Mi

Ọkọ mi kì í kàn wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ lásán. Wọ́n máa ń bá redíò jà débẹ̀ ni. Láti ilé wa ní Agége títí dé ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí redíò bá sọ ọ̀kan, àwọn náà á sọ méjì.

"Irọ́ lò ń pa! Ṣé ìwọ lò ń ra ata lọ́jà ni?"

Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí mo gbé kọ́tìnnì tí mo rán fún àwọn ọ́fíìsì Òpébì lé ẹsẹ̀, n ó ní, "Dádì, kò mà gbọ́ yín o."

"Jẹ́ kí n wí tèmi jàre. Òun tó ń wí tirẹ̀, ṣé ó bi mí?"

Nígbà tí epo bẹntiróòlù di ohun tí à ń wò lókèèrè, wọ́n gbé mọ́tò náà lọ síbi tí wọ́n ti ń so ó mọ́ gáàsì, irú gáàsì tí a fi ń dáná. Sílíńdà wọ inú búùtù, bọ́tìnnì kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitiárì. Mọ́tò á kọ́kọ́ fi epo gbéra. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná díẹ̀, iná aláwọ̀ ewé kan á tàn lára bọ́tìnnì náà, ó ti bọ́ sórí gáàsì nìyẹn. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni rí ọmọ tuntun. "Ó ti ń mu ọmú," wọn á ní. Kò já wọn kulẹ̀ rí.

Àìsàn tí a ò kà sí ló mú wọn lọ.

Nígbà tí mo ṣe opó tán, mo bọ́ sídìí sitiárì. Bí mo ṣe ṣíná, redíò bú sí ọ̀rọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn yẹn gan-an ni. Ó sọ̀rọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó mú òmíràn, èmi náà sì ń retí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo yí i pa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jókòó, kí n tó ṣíná rárá, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ pa redíò.

Àsìkò náà ni mọ́tò kọ gáàsì. Iná ewé ò tàn mọ́. Mọ́tò ń mu epo, epo ń mu èrè kọ́tìnnì. Àbúrò ọkọ mi wá, ó yí i po, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká ta nǹkan yìí. Olówó ẹ̀ ti lọ, òun náà fẹ́ máa lọ."

Mo ní kó ní sùúrù di ìparí oṣù; bí kò bá padà sórí gáàsì, kó mú ẹni tó máa rà á wá. Ẹnu mi ló wí i, kì í ṣe inú mi. Ẹbí ti pín aṣọ wọn tán. Inú mọ́tò yẹn nìkan ni òórùn wọn kù sí. Mi ò tíì sún àga rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí; wọ́n ga jù mí lọ, ìrọ̀rí ni mo fi ń ti ẹ̀yìn kí ẹsẹ̀ mi lè tó bíréèkì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe nítòsí ojú irin Agége. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ojúgbà mi. Kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, redíò ló kọ́kọ́ tàn. "Bí redíò bá ti ń sọ̀rọ̀, iná wà nílé nìyẹn," ó ní. Bí gbogbo rìwáyà ṣe máa ń ṣe ládùúgbò yẹn nìyẹn. Ó fi gílóòbù kékeré tó so mọ́ wáyà yẹ fíúsì wò, ó yẹ orí bátìrì wò, ó ṣíná. Nígbà tó yá, iná ewé yọ rẹ́rẹ́.

"Àlàájà, kò sóhun tó ṣe mọ́tò yín."

"Kì í tàn bí mo bá dé títì."

Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́tò yìí rí ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ṣe ọmọlúwàbí."

"Ìwọ gbájú mọ́ gíríìsì ẹ," ni rìwáyà fèsì.

Ó pa mọ́tò, mo jókòó, mo yí redíò pa, mo ṣíná, mo lọ. Iná ewé ò yọjú títí mo fi dé Òpébì. Mo padà wá. Ó pààrọ̀ fíúsì, ó ha ìpẹtà ara wáyà. Ó tún tàn lójú rẹ̀, ó tún kọ̀ lójú tèmi. Oṣù sì ń lọ sópin. Àbúrò ọkọ mi ti mú ọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Computer Village wá. Ọkùnrin náà wọnú mọ́tò, ó di àga mú, ó fẹ́ sún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sún un."

Nígbà tí mo tún padà lọ, ọ̀rọ̀ náà ti ń ká rìwáyà lára.

"Lónìí, a ò ní pa á rárá. Ẹ wọlé bẹ́ẹ̀, èmi náà ń bọ̀. Ojú mi báyìí ni yóò ti kọ̀."

Mọ́tò ń dún, iná ewé ń tàn. Mo jókòó, ọwọ́ mi lọ síbi tó máa ń lọ. Mo yí redíò pa.

"Àlàájà, irin yín ti wọlé o!" ni mẹkáníìkì pariwo láti ẹ̀yìn. Irin gbọọrọ tó máa ń yọ sókè lẹ́yìn mọ́tò bí redíò bá ń sọ̀rọ̀ ló ń wí.

Rìwáyà ò gbójú sókè. Iná ewé ló ń wò. Ó ti kú.

"Kí lẹ fọwọ́ kàn?"

"Redíò ni mo pa."

"Ẹ tàn án."

Mo tàn án. Irin yọ sókè, kò pẹ́, iná ewé padà dé.

"Ẹ pa á."

Irin àti iná ewé jọ lọ.

Ó fa redíò yọ, ó fi wáyà hàn mí. Àwọn tó so gáàsì kò mú iná láti ojú kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣíná mọ́tò. Wáyà tó ń gbé irin yẹn sókè ni wọ́n lọ so tiwọn mọ́, wáyà tí kì í ní iná àfi bí redíò bá ń sọ̀rọ̀.

"Ta ló ń wà á tẹ́lẹ̀ tí kò fi hàn?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi."

"Wọn kì í pa á nìyẹn."

"Wọn kì í pa á."

Ó mú púláyà, ó ní iṣẹ́ kékeré ni, òun á yí wáyà náà sí ojú kọ́kọ́rọ́ kí n lè máa wa mọ́tò mi ní ìdákẹ́jẹ́. Mo ní kó dúró ná. Ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì.

Àbúrò ọkọ mi bá mi jáde, ó rí iná ewé, ọ̀rọ̀ títà parí síbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ wá pa ariwo yìí ká gbọ́ ara wa."

Mo ní, "Ó tì o."

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ti kọjá tipẹ́. Bí mo bá ń kọjá lọ, rìwáyà á pariwo, "Àlàájà, Ẹtì ọdún wo lẹ ní lọ́kàn?" N ó juwọ́ sí i, n ó tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn mi ṣe. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á wí tirẹ̀, á sì dákẹ́ díẹ̀. N kì í sọ nǹkan kan síbẹ̀. Àyè ọkọ mi ni.