Ọ̀rẹ́ Mi Sìn Mí Dé DeSoto

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló fa ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó ń ti àdúgbò wa ní DeSoto lọ sí Lancaster. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní Dallas níbí nìyẹn: òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀sì máa gbà, ibi tó máa dúró sí, àti àkókò tó máa kọjá. Èmi tí mi ò kàwé jìnnà, mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ kí bọ́ọ̀sì máa ná ọ̀nà kan á kàn ra bọ́ọ̀sì, á wá dẹ́rẹ́bà, ó parí. Àṣé ó tó ohun tí ọmọ ń tìtorí ẹ̀ lọ sí yunifásítì ní Denton.

Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì tí a ti ń jẹun, ó fi bírò pupa fa ìlà kan. Mo ní kó fi ilé ọ̀rẹ́ mi hàn mí. Ó gbé ìka lé ìdí ìlà náà gan-an. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Láti ìgbà ọmọge ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ti jọ ń bọ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ mú un wá sí Lancaster, ọmọbìnrin mi mú èmi wá sí DeSoto. Ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wakọ̀ nínú wa. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ọmọ tirẹ̀ ń wa tírélà káàkiri. Orí fóònù la ti ń ríra, bí ẹni pé òkun ló wà láàárín wa.

Ọmọ ọmọ mi ní, “Grandma, ẹ má tíì jó o. Wọ́n kàn fẹ́ dán an wò ni. Tó bá ń lọ lófìfo títí ìgbà ooru yìí fi parí, wọ́n máa mú un kúrò.”

“Kí ni wọ́n máa fi mọ̀ pé òfìfo ni?”

“Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń ka gbogbo ẹni tó bá wọlé.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ náà á rí ẹni kà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo di mọ́ínmọ́ín dání. Ọ̀rẹ́ mi ti dúró dè mí lẹ́bàá títì nínú oòrùn, ó ṣí agbòòrùn lé orí. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, a dì mọ́ra, agbòòrùn fò lọ, a ò tiẹ̀ wò ó. A jẹun, a rojọ́ títí. Nígbà tí mo ní mò ń lọ, ó fa gèlè rẹ̀ wé.

“Jẹ́ kí n sìn ọ́.”

Ó sìn mí dé ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì dé, mo wọlé, mo yíjú padà láti juwọ́ sí i, àfi bí mo ṣe rí i lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀.

“Níbo lò ń lọ?”

“Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní mò ń sìn ọ́. Ṣé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ arúgbó nínú ọkọ̀ yìí?”

“Wọn ò gbà.”

“Ẹjọ́ kí wá lò ń rò?”

Bó ṣe sìn mí délé nìyẹn. Ó mu omi, ó ní òun ń lọ. Ṣé kí n wá jókòó máa wò ó níran? Wọ́n kọ́ mi nílé. Mo sìn ín padà sí Lancaster. Dẹ́rẹ́bà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó nírùngbọ̀n funfun, wò wá nínú dígí, ó bi wá bóyá a gbàgbé nǹkan. A bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó ku bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn la tó pínyà.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ọmọ ọmọ mi ń ti ibi iṣẹ́ dé, á máa fò sókè: “Grandma, àwọn èèyàn ń wọ̀ ọ́! Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́!” Èmi náà á ní a dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kò wá sí mi lọ́kàn pé àwa ni.

Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó kan tó ga bí igi àgbọn, ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Inú bọ́ọ̀sì ni òun àti ọmọ ọmọ mi ti bá wa.

“Grandma? Ẹ̀yin ni?”

Ọ̀gá béèrè, ọmọ mi ń túmọ̀. Níbo lẹ ń lọ? Mo ní mò ń sìn ín lọ sílé. Tẹ́ ẹ bá délé ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi ní òun á sin èmi náà padà. Lẹ́yìn ìyẹn? Mo ní èmi á tún sìn ín padà. Ọmọ mi fọwọ́ bojú. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Àmọ́ nígbà tó nu omi ojú tán, ó ní bí wọ́n bá ka èèyàn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, òfìfo ni ọkọ̀ yìí, àwọn á sì mú un kúrò.

Ẹ̀rín kú lójú ọmọ mi. Mo ní, “Má sunkún. Èèyàn ni ò tó, èèyàn ò sì wọ́n wa.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo bi àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi léèrè ta ló ní ẹni tó fẹ́ lọ kí tí ọmọ ò ráyè gbé e lọ. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì júwe bọ́ọ̀sì wa fún wọn. Ìyá kan ní, “Kò ní gbé wa lọ sí Mexico?” Òmíì ní, “Ta ló fẹ́ fi ọ́ ṣe kí ni ní Mexico?”

Láti ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ti ń kún. Ẹni tí kò rí àbúrò rẹ̀ láti Kérésì rí i. “Sún sọ́hùn-ún jàre, ìdí rẹ gbòòrò ju Texas lọ!” Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Lancaster ń rọ́jú dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà wa ti ń kí wa ní “Ẹ káàárọ̀,” ì báà jẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Ooru parí, wọn ò mú ọkọ̀ kúrò. Ọmọ ọmọ mi wá fi bẹ́ǹṣì àti ìbòòrùn sí agbedeméjì ọ̀nà, ó ṣètò kí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ máa pàdé níbẹ̀. Ó ní, “Grandma, ẹni tó bá ń sin àlejò, kó padà níbí.” Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ìkóríta là ń sin àlejò dé nílé lọ́hùn-ún náà, a kì í sìn ín dórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì ṣílẹ̀kùn. Mo ní, “Wọlé.” Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìwọ kọ́kọ́ wọlé.” Mo ní ìwọ ni àlejò, ó ní ta ni àlejò. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń wò wá. Ọmọ mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wo aago pariwo pé, “Grandma, ẹ wọlé!”

Ìbẹ̀rù mú wa, a sáré wọlé, àwa méjèèjì, sínú ọkọ̀ kan náà. Ọmọ náà ń gbá dígí, ẹ̀rín ti fẹ́ẹ̀ gbé e ṣubú, ọkọ̀ ti gbéra, a sì ń juwọ́ sí i.